Òrí Lára Irun Ẹṣin

Ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun kì í pa àlọ́ fún ọmọ tó bá ń kánjú. Bí ọmọ kan bá ní kó tètè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí, yóò ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, yóò ní, "Ìwọ máa lọ síbẹ̀, àwa ṣì wà lójú ọ̀nà." Ṣùgbọ́n ó ní òfin kan fún ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn ara rẹ̀. Ó ní kó ti ibi tó ti ṣe ohun tí kò dáa bẹ̀rẹ̀, torí bó bá fi í sí ìparí, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀, á sì fò ó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná. Mo jókòó, mo ń wo obìnrin kan tó ń fi òrí pa irun ẹṣin. Mo mọ ohun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ. Ó bi mí bóyá ó dáa. Mo ní ó ń dán.

Ó wá ku bí irun ẹṣin ṣe dé ọwọ́ onídìrí ní Benson, ibùdókọ̀ kan ní Ìkòròdú.

Ohun èlò orin tí mò ń lò ni ṣẹ́lò. Ẹni tó bá mọ fáólììnì, kó fojú inú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ bíi ti ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. A máa ń jókòó ni, a ó gbé e sáàárín orúnkún, a ó sì fi ọ̀pá tínrín kan máa fa okùn rẹ̀. Bóò là ń pe ọ̀pá yẹn. Irun ìrù ẹṣin ni wọ́n nà sára rẹ̀, irun náà kò sì gbọdọ̀ rí òróró láéláé. Oje igi tó ti dì, tí à ń pè ní rósìn, la fi ń pa á, tí yóò fi máa bu funfun. Rósìn ló ń jẹ́ kí irun rí okùn dì mú. Bí òróró bá kàn án, ó parí. Á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lórí òkúta odò.

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ́ mi, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkòròdú, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òṣogbo dé, tí a háyà yàrá kan. Mo ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá náà sọ fún mi lójú mi pé ó ti pẹ́ jù fún mi láti di ọ̀gá nídìí ẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò tíì pẹ́ jù fún mi láti wúlò. Kó tó kú, ó fi bóò tirẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Igi pupa ni, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ lékèélékèé. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi lò ó, n kò jẹ́ kí ọmọ tí mo bí fọwọ́ kàn án.

Fáólììnì mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ olórin ṣọ́ọ̀ṣì wa, fèrè mẹ́ta, àti èmi. Ìyá Oníṣẹ́lò ni wọ́n ń pè mí. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, n kò ju ọ̀kan nínú àwọn tó ń jáde láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí láti lọ jókòó sí ọ́fíìsì ní Èkó lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di Sátidé, tí mo gbé ṣẹ́lò nínú àpótí rẹ̀ gba Benson kọjá lọ sí ìdánrawò, àwọn oníbọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀: "Ìyá, ta ló kú?" Òmíràn á ní, "Ẹ yàgò o, pósí ń bọ̀!" Èmi á ní, "Ìwọ ni mo gbé e bọ̀ wá fún, wá dùbúlẹ̀ ká wò ó." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má purọ́, mo fẹ́ràn kí n jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ìsọ̀ obìnrin tó ń dìrí fún mi wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pe èrò Ìjẹ̀dẹ́. Ọmọ Ìwó ni, Mùsùlùmí ni, ọkọ rẹ̀ sì ti kú. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń gbé lójú ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́. Ní Sátidé kan, mo dé ìsọ̀ náà tèmi ti ṣẹ́lò, mo gbé e ti ògiri, mo sì gbé orí fún onídìrí. Ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà, sún mọ́ ọn. Ó ní ṣé òun lè wò ó. Mo ní kó ṣí i. Ó fi ìka kan tọ́ okùn tó nípọn jù lọ, ó sì gbé etí sí i. Bí ìró náà ṣe fẹ́ kú, ó fi imú gbà á, ó ń kùn ún lọ, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sójú ibẹ̀ gan-an, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Mo yí orí padà láti wò ó, ìyá rẹ̀ sì fi ìyàrun kan mi ní ọrùn.

"Àǹtí, ẹ dúró jẹ́ẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí ojú ìlà yìí wọ́ ni?"

Mo ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ yín ṣe?"

"Ó ti tún bà á jẹ́ ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà máa wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sátidé, kí n máa kọ́ ọ. Ó rò ó títí ó fi dì mí tán. Ó wá ní, "Kó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún pásítọ̀ yín pé orin ló wá kọ́ o. Kó má lọ da omi lé ọmọ mi lórí."

Mo ní, "Orí tí ẹ fi wákàtí mẹ́ta dì yìí? Ta ni kò bẹ̀rù yín?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣẹ́lò kejì kan wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tó ti sán, tí káfíńtà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Èyí la fún un, pẹ̀lú bóò olówó pọ́ọ́kú kan. Ọ̀nà tí ìyá àgbà fi kọ́ mi ní orin inú àlọ́ ni mo fi kọ́ ọ: èmi á dá a, òun á gbè é. Màá fà á, òun á fà á tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó fi ìwé orin hàn án. Ó ń pè mí ní Àǹtí, ó ń kúnlẹ̀ kí mi, ó ń gbé ṣẹ́lò mi kọjá gọ́tà. Fún ọdún méjì, inú mi dùn bí ẹni tó gbin ìrèké.

Ní ọdún kẹta, mo gbọ́ ohun kan nínú ìró rẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo fi sí i.

Ẹ má bi mí kí ni. Orin kan náà, ojú ìwé kan náà, ìka kan náà. Tèmi tọ́, tirẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dá a dúró níbi tí kò ti ṣàṣìṣe. "Tún un fà." Á tún un fà. "Kò rí bẹ́ẹ̀. Tún un fà." Á fà á lẹ́ẹ̀kẹta, bó ṣe fà á lákọ̀ọ́kọ́ gẹ́lẹ́, á wá wò mí, á ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Ọpẹ́ yẹn a máa ta mí bí ata.

Lọ́jọ́ Ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá akọrin pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn jókòó síwájú. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ, ògo yín ni." Mo ní kò burú. Mo gbé àga mi sẹ́yìn. Nígbà tí a ṣe tán, màmá àgbà kan nínú ìjọ, tí kì í rí mi kó má kí mi, gbá ọmọ náà mọ́ra, ó sunkún sí i léjìká. Ó wá rí mi. Ó dì mí lọ́wọ́ mú tìfẹ́tìfẹ́, ó ní, "Ìwọ náà gbìyànjú. Olúwa á jẹ́ kí tìẹ náà dùn báyẹn."

Mo ṣe Àmín. Ìyá àgbà máa ń sọ pé owú kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé, pé inú ìkòkò ọbẹ̀ ẹni ló ti ń hó. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń hó. Mo máa wà nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ní ìdájí, màá máa ka ohun tí mo mọ̀ tí kò mọ̀. Lọ́dọọdún, nǹkan tí mo ń kà ń dín kù.

Ọmọ náà pé ọdún méjìdínlógún. Ó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì sí agbára láti tẹ̀ síwájú. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá akọrin mú ìwé kan wá: ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ní Èkó ń wá ọ̀dọ́ mẹ́rin tí wọ́n máa kọ́ fún ọdún méjì lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n á fún ní ilé gbé, tí wọ́n á sì máa bá wọn ta lórí ìtàgé. Wọ́n máa gbọ́ àwọn ti agbègbè wa ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ Sátidé kan. Bí wọ́n bá mú un, iṣẹ́ ayé rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí wọn kò bá mú un, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń dúró dè é, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbọ́ èèyàn.

Ìwé náà ní ẹni tó bá ti lé ní ọdún méjìlélógún kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èmi wà lọ́mọ ogún ọdún, kò sẹ́ni tó pè mí síbì kankan ju oko ẹ̀gúsí ìyá àgbà lọ.

Wọ́n tún ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá tí wọ́n máa jọ ta orin ẹlẹ́ni méjì. Ọmọ náà kò ronú. Ó kúnlẹ̀. "Àǹtí, ta ni mo tún ní?"

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, mo gba àyè níbi iṣẹ́ kí n lè dìrí. Ọmọ náà kò sí ní ìsọ̀. Ó ti lọ sí Ẹ̀jìnrìn láàárọ̀ lọ gba àdúrà lẹ́nu ìyá bàbá rẹ̀, tó ń gbé létí ọ̀sà níbẹ̀. Torí Ẹ̀jìnrìn sì sún mọ́ Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ ló ti máa wá bá wa lọ́jọ́ kejì. Ó fi ṣẹ́lò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀ kí èmi àti ìyá rẹ̀ lè gbé e dání.

Ìyá rẹ̀ ti kírun Jímọ̀ dé, ó ti dì mí dé ìdajì orí. Ló bá dáwọ́ dúró.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n wo nǹkan ọmọ mi yìí."

Ó ṣí àpótí náà, ó mú bóò jáde, ó sì ké. "Háà! Ẹ wo irun! Ó ti gbẹ bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn! Ẹ wo funfun tó ń bọ́ lára ẹ̀! Èmi tí mò ń tọ́jú irun gbogbo Ìkòròdú, irun ọmọ mi ló rí báyìí? Àwọn èèyàn ńlá ló sì ń lọ bá lọ́la!"

Mo la ẹnu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ìyẹn mọ́ ọn, mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wá ṣampú lábẹ́ tábìlì, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, tayọ̀tayọ̀, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀: "Àǹtí, ọpẹ́lọpẹ́ yín o. Ọ̀gá akọrin yín pàdé mi lánàá. Ó ní látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fa nǹkan yìí tó dùn. Ó ní àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn kàn ń gbìyànjú ni."

Ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo pa ẹnu dé.

Ó fọ irun náà. Rósìn oṣù mẹ́fà bá omi lọ. Ó fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò fi í wọ́ ọ, bó ṣe máa ń ṣe fún irun tí kò lágbára. Ó yà á pẹ̀lú ìyàrun eléyín wẹ́wẹ́. Ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó ro àdí àgbọn lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, ó ní "Bísímíláì," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi pa á láti òkè dé ìdí, bí ẹni tó ń ṣe irun ìyàwó tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé. Inú dígí ni mo ti ń wò ó. Ìdajì orí mi ti dì, ìdajì wà ní títú, mo rí bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé síbì kan.

Ó gbé bóò náà sókè sí oòrùn ẹnu ọ̀nà. "Àǹtí, ṣó dáa báyìí?"

Mo ní, "Ó ń dán."

Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Àwọn tó pa òwe yẹn, nítorí àtidáàbò bo ẹlòmíràn ni. Èmi fi tèmi ṣe ọ̀bẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, a háyà kòròpe kan, bọ́ọ̀sì kékeré yẹn. Ṣẹ́lò méjèèjì wà láàárín wa bí àwọn àgbàlagbà tó ń sùn. Ìyá ọmọ náà gbé móínmóín dání, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tí a bá dé Ìmọ́tà, màá sọ fún un. A ṣì máa rí àyè yà síbì kan, ká wá spírítì fọ òróró náà kúrò, ká fi rósìn tuntun sí i. A dé Ìmọ́tà. Ó bu móínmóín fún mi, ó ní kí n jẹ èyí tó ní ẹyin. Mo jẹ ẹ́. Mo ní tí a bá dé Ìtóíkín, màá sọ fún un. A dé Ìtóíkín. Ó ní, "Àǹtí, bí wọ́n bá mú ọmọ mi, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ dìrí fún lọ́fẹ̀ẹ́." A kọjá Ìtóíkín. Mo ní tí a bá dé ìkóríta Ẹ̀jìnrìn. A dé ìkóríta Ẹ̀jìnrìn, a kọjá, mo sì rí omi ọ̀sà lápá ọ̀tún, a ti dé Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ náà ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ẹja yíyan tí ìyá àgbà rẹ̀ fi ránṣẹ́ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀... áà, kí n má purọ́ nítorí adùn: ó kúnlẹ̀ ni, ọkùnrin ló ń dọ̀bálẹ̀. Ó gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra. Ó gbé ṣẹ́lò lọ sí igun kan láti tún ohùn okùn ṣe. Ó mú bóò. Mo rí i tó dúró. Ó yí irun náà sí ìmọ́lẹ̀, ó sì gbé e sí imú.

Ó pe ìyá rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Màámi, ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni! Mo fọ̀ ọ́, mo fún un lóróró. Ṣó o rí i bó ṣe ń dán?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. "Mo rí i. Ẹ ṣé, Mà." Ó wá yíjú sí mi. "Àǹtí, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ gbà á mọ́ mi lẹ́nu. "Wọ́n wà níbẹ̀ kẹ̀! Orí wọn ni mo fi sílẹ̀ tí mo fi ń ṣe é. Àwọn gan-an ló ní ó ń dán."

Ó mọ̀ nígbà yẹn. Mo rí i lójú rẹ̀ bó ṣe ń mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo kọ́ ọ ní rósìn, tí mo gbá a lọ́wọ́ nígbà kan torí pé ó fi ìka tó ní epo gúgúrú kan irun bóò. Ó mú rósìn, ó fi pa irun náà, rósìn ń dì kókó-kókó sínú òrí bí ẹ̀kọ tí kò jiná. Wọ́n sì pe nọ́ńbà keje. Àwa ni.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó síwájú láti gbọ́ wa, ọkùnrin méjì, obìnrin onírun funfun kan láàárín. A jókòó. A wo ara wa, a mí, a bẹ̀rẹ̀.

Ìró kan ṣoṣo ló jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, tèmi ni. Tirẹ̀ ń ṣe fìì, fìì, bí ẹni ń fi ọwọ́ nu tábìlì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbádùn rẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi lè ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run, mo tún jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Gbọ̀ngàn náà ga, ó gba ohùn mi, ó dá a padà fún mi, mo sì rò nínú ara mi pé èmi náà mà lè ṣe é, pé bí wọ́n bá ti pè mí nígbà náà.

Obìnrin onírun funfun gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ mi, kí ló dé? Àwa ò gbọ́ ọ."

Ọmọ náà dìde. "Ẹ má bínú, Mà. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Mo wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo rí ìyá rẹ̀ tó na ọwọ́ méjèèjì sókè, tó ń ṣàdúà. Ọmọ yẹn gbé ẹ̀bi lé ara rẹ̀ kí ojú má baà ti ìyá rẹ̀, ó sì bo èmi náà mọ́ ọn, láìbéèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Bó bá béèrè ni, bóyá ǹ bá rí ohun fi ṣe àwáwí.

N kò ní sọ pé àánú ló gbé mi dìde. Ìtìjú ni. Mo na bóò mi sí i.

Ó wò ó. "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Gbà á. Ìka mi tó mi."

Ó gbà á. Mo gba tirẹ̀, ó ń rùn òrí bí ọmọ tuntun, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo fi ìka ta tèmi lábẹ́, dún-ún, dún-ún, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, òun sì fà á.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi lo bóò yẹn. N kò gbọ́ ohùn yẹn rí lára rẹ̀. Nígbà gbogbo tí orin mi bá dúró gbọin-gbọin tí kò fò, mo máa ń pín ẹ̀bi náà, apá kan fún ọwọ́ mi, apá kan fún igi, apá kan fún ọdún tó ti lọ. Lọ́jọ́ yẹn, igi jẹ́rìí sí ara rẹ̀. Ó ní ohùn nínú látìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́ta náà fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń ta ìka mi lọ, mo ń ka ìdúró, mi ò ṣìṣe, owú sì ń bù mí jẹ débi pé omi bọ́ lójú mi. Àwọn tó rí mi rò pé orin ló wọ̀ mí lára.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n pe àwọn tí wọ́n mú. Nọ́ńbà keje wà níbẹ̀. Ìyá ọmọ náà wólẹ̀ sórí símẹ́ńtì, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ọmọ náà nu bóò mi pẹ̀lú etí aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Mo ní, "Mú un lọ."

"Àǹtí, ti bàbá tó kọ́ yín ni."

"Mú un lọ, mo ní." Ó rò pé ọrẹ ni. Kì í ṣe ọrẹ. N kò lè fà á mọ́ lẹ́yìn ohun tí mo gbọ́.

Ọmọ náà padà sí Ẹ̀jìnrìn lọ ròyìn fún ìyá àgbà rẹ̀. Èmi àti ìyá rẹ̀ wọ kòròpe padà. A ti kọjá ìkóríta Ẹ̀jìnrìn nígbà tó bi mí.

"Àǹtí, kí ló ṣe bóò tiwa tẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo sọ ti rósìn, mo sọ ti òróró. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Èmi ni mo fẹ́ ba ayé ọmọ mi jẹ́!" Mo lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti gbé ẹrù náà fúnra rẹ̀, mo kàn lè máa sọ fún un pé, ẹ má bínú, ẹ kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ rẹ̀ tó dìde nínú gbọ̀ngàn.

Mo ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kí ni?"

"Mo mọ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é. Mo mọ̀ nígbà tí ẹ bi mí."

Láti Ìtóíkín títí dé Ìmọ́tà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fà á. Ní Ìmọ́tà, ó ní, "Nítorí kí ni?"

"Ọmọ yín mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

"Èyí tí mo kọ́ ọ kọ́ ni mò ń sọ."

Dírẹ́bà ń wò wá nínú dígí. Nígbà tí a sún mọ́ Ìkòròdú, ó ní, "Ẹ sì ní ó ń dán."

"Ó ń dán lóòótọ́."

"Àǹtí, iwájú dígí ni mo ti ń jẹun. Kò sẹ́ni tó lè kọ́ mi ní nǹkan tó ń dán. Nǹkan tí mo bi yín ni pé ṣó dáa."

Oṣù méjì ni n kò fi dé ìsọ̀ rẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ó dì mí bí agbọ̀n. Nígbà tó ṣe, mo padà lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni wá tọrọ omi. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ta ló ṣe orí yín báyìí? Ọ̀tá yín ni?" Ó fa àga síta.

Ọmọ náà wà ní Èkó báyìí. Ó ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, bóò mi lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo máa ń wá ibi tó ti ṣìṣe. N kò lè ṣe kí n má wá a. Lóṣù tó kọjá mo rí ọ̀kan, ìka kẹrin rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíńtín, inú mi sì dùn láti Mile 12 dé orí afárá. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì, mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Ó fèsì pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi níbí." Ó ṣì ń ta mí, ọpẹ́ yẹn.

Bí ìyá rẹ̀ bá sì ti dì mí tán, ó máa ń gbé dígí kékeré sẹ́yìn orí mi, kí n lè rí i nínú ti iwájú. Á dúró de ohun tí màá sọ. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ó sì rẹwà lójú mi.

Mo ní, "Ó ń dán. Ṣùgbọ́n ti òsì yìí ga ju ti ọ̀tún lọ."

Ó gbé dígí sílẹ̀, ó mú ìyàrun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tú ti òsì.